Àgbà Ọmọ-ogun Gẹ́gẹ́ Bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn

Àwọn baba wa a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó ń kọ́ ìtàn. Ìwé ogun a máa sọ ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọ̀gágun àti iye ènìyàn tí ó kú. Ṣùgbọ́n ebi tí ó pa ọmọ-ogun, ẹ̀rù tí ó bà á àti ẹni tí ó ṣàánú rẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni a ti lè gbọ́ wọn. Síbẹ̀, kò yẹ kí a gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àpẹẹrẹ kan ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ogun Hítílà, ń jà lọ́wọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ sí Bọ́mà, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ-ogun Japan ba dè wọ́n ní àfonífojì odò Kaladan. Ìbọn fọ́ egungun itan Fadoyebo. Òun àti David Kagbo, ọmọ ilẹ̀ Sierra Leone, wà ní ìfarapamọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún náà, tí àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti máa bọ́ wọn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ irú ìtàn báyìí, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ó béèrè. Èkíní, kí ni ẹlẹ́rìí fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ni ó sì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn? Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nínú igbó kò lè mọ ìmọ̀ràn àwọn ọ̀gágun. Èkejì, ó ti pẹ́ tó? Ọdún 1999 ni ìwé tí Fadoyebo kọ jáde. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta lè mú kí orúkọ àti ọjọ́ sọnù lọ́kàn ènìyàn, bí kò tilẹ̀ gbàgbé ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí mìíràn wà? Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ní ti Fadoyebo, ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Ní 2011, oníròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n Phillips rí ìdílé rẹ̀, àwọn náà sì rántí ọmọ-ogun aláwọ̀ dúdú tí baba wọn dáàbò bò. Bí ẹni méjì tí òkun pín níyà, tí wọn kò sì gbìmọ̀ pọ̀, bá ń sọ ohun kan náà, ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú ọ̀rọ̀ wọn a pọ̀ sí i.

Fadoyebo kú ní 2012. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, ṣì ń bẹ láàárín wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ láìfi kún un. Bí ojú àgbà bá sì yí padà lórí ọ̀rọ̀ kan, kí ó má ṣe fi ipá bi í. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi ohun tí ó gbọ́ wé ti ìwé àti ti ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹ̀rí tí a kò bá gbà nígbà tí ẹlẹ́rìí wà láàyè, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà mọ́.