Ìṣọdẹ Tòlótòló Ìgbẹ́ ní Amẹ́ríkà: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀

Tòlótòló tí à ń sìn ní àgbàlá wa kì í ṣe ẹyẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá. Àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀sìn. Ti ìgbẹ́ ṣì ń bẹ ní Amẹ́ríkà títí di òní, àwọn ọdẹ a sì máa pa á ní àkókò tí òfin là sílẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ọ̀hún, tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ọdẹ yìí, ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí.

Ọdẹ ilé wa a máa fi àtùpà wá ẹran lóru, a sì máa yọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ gbàgbé èyí nínú ọdẹ tòlótòló. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é. Ọdẹ a jókòó, a sì fi ohùn abo pe akọ títí yóò fi wá. Ẹni tí ó bá ń ké bí ẹyẹ gbọ́dọ̀ rántí pé etí ènìyàn náà ń gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ewu iṣẹ́ yìí wà.

Ẹ MỌ ẸYẸ NÁÀ

Akọ tí ó ti dàgbà a máa wọn pọ́n-ùn 16 sí 24. Abo a máa wọn bí 8 sí 11. Ara akọ dúdú, ó sì ń dán bí idẹ. Orí rẹ̀ kò ní ìyẹ́. Ó lè pọ́n, kí ó funfun, kí ó sì ní àwọ̀ aró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa so rọ̀ ní àyà rẹ̀ bí irùngbọ̀n, ẹ̀gún líle a sì máa yọ lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn abo díẹ̀ náà a máa ní irùngbọ̀n yìí, nítorí náà ẹ má ṣe fi àmì kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́.

Ojú àti etí rẹ̀ mú púpọ̀. Bí ẹ bá mira díẹ̀ péré, ó ti lọ. Orí igi ni ó ń sùn. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, tí í ṣe àkókò tí wọ́n ń gùn, akọ a máa ké láti orí igi ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ PA ÒFIN MỌ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, gígé igbó àti ìpakúpa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹyẹ yìí run. Ní 1937, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó fi owó orí ìbọn àti ọta tọ́jú ẹran ìgbẹ́. Ní 1951, ní South Carolina, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n tí àgbá kékeré ń yìn jáde mú wọn láàyè, láti kó wọn lọ sí igbó tí tirẹ̀ ti tán. Ìpínlẹ̀ Missouri fi òfin de ọdẹ yìí ní 1937, kò sì tún ṣí i títí di 1960.

Nítorí náà, ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ yín là sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ọjọ́ tí a ń ṣọdẹ, wákàtí tí a ń ṣíwọ́, àti iye ẹyẹ tí ẹnì kan lè pa, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. Ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, èèwọ̀ ni láti da oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹyẹ tàbí láti fi ẹ̀rọ ohùn pè é.

ÌPÈ

Ohun èlò mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni àpótí igi kékeré tí a fi ṣọ́ọ̀kì pa, tí a ń fa ìdérí rẹ̀ lórí etí rẹ̀. Òun ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni àwo pẹlẹbẹ, ti síléètì tàbí gíláàsì, tí a ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha. Ẹ̀kẹta ni awẹ́ rọ́bà tí a ń fi sí àjà ẹnu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún ìbọn, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti kọ́.

Ẹ kọ́ ohùn mẹ́ta: igbe abo, ohùn márùn-ún sí méje tí ó tẹ̀ léra; ohùn kúkúrú kan ṣoṣo; àti ìkùn jẹ́jẹ́ ti ẹyẹ tí ń jẹun ní ìrọ̀rùn. Ohùn kan ń bẹ tí ẹ kò gbọdọ̀ ké: èyí tí ó kúrú tí ó sì le, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ ewu fún ara wọn. Ẹni tí ó bá ń sin tòlótòló nílé ti ní olùkọ́. Kí ó jókòó ti agbo wọn, kí ó sì fetí sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá ké bí òwìwí, akọ lè ta gìrì kí ó sì dáhùn, kí ẹ lè mọ igi tí ó ń sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ pè é níwọ̀nba. Bí ó bá ti ń bọ̀, ẹ dín ìpè kù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, abo ni í tọ akọ lọ; bí ẹ bá ń pè é láìdákẹ́, yóò dúró sí ojú kan, yóò máa retí yín.

ÈRE

Ère abo, tàbí ti akọ tí kò tíì gbó, ni a ń gbé kalẹ̀ ní bí yáàdì 15 sí 20 níwájú ọdẹ, ní gbangba. Akọ tí ó dàgbà a máa wá bá abo, tàbí kí ó wá bá akọ kékeré jà. Ẹ mọ̀ pé ère akọ ni ó léwu jù, nítorí akọ ni àwọn ọdẹ ìyókù náà ń wá. Inú àpò ni kí ẹ máa gbé e sí bí ẹ bá ń rìn. Ẹ má ṣe fi ìrù tòlótòló bojú kí ẹ máa rákò lọ bá ẹyẹ.

ÌJÓKÒÓ ÀTI ÌBỌN

1. Ẹ fi ẹ̀yìn ti igi tí ó fẹ̀ ju èjìká yín lọ, níbi tí ẹ ti lè rí ẹni tí ń bọ̀ ní òkèèrè.
2. Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, kí ẹ sì bo ojú àti ọwọ́. Ẹ má ṣe wọ pupa, funfun tàbí aró, nítorí àwọ̀ orí akọ ni wọ́n.
3. Ṣáájú ọjọ́ ọdẹ, ẹ yin ìbọn yín lu bébà ní yáàdì 20, 30 àti 40, kí ẹ lè mọ bí ọta rẹ̀ ti ń fọ́n ká. Orí àti ọrùn ni a ń yìn. Ẹ má ṣe yin ẹyẹ tí ó ju yáàdì 40 lọ.
4. Ẹ má ṣe yọ́ lọ bá ohùn tòlótòló. Ó lè jẹ́ ènìyàn ni ó ń pè.
5. Ẹ má ṣe yìnbọn sí ohùn, àwọ̀ tàbí ewé tí ń mì. Ẹ rí gbogbo ẹyẹ náà, irùngbọ̀n rẹ̀ àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.
6. Bí ẹ bá rí ọdẹ mìíràn, ẹ má ṣe juwọ́ sí i, ẹ má sì ké bí ẹyẹ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ sì fi ohùn ènìyàn kígbe sí i.
7. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ó mọ́lẹ̀ rekete di ẹyẹ tí ẹ bá pa, kí ẹ tó gbé e jáde.

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni ọdẹ yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Akọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ yín lónìí lè ké lórí igi rẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ọta tí ó bá ti jáde lẹ́nu ìbọn kò ṣe é pè padà. Bí ohun tí ẹ rí kò bá dá yín lójú, ẹ mú ọwọ́ kúrò lórí ìbọn.