Kọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Fún Mi
Ìwé ìlàlóye láti ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́, fún àwọn ọmọ 100 level àti àwọn tó bí wọn

Bí sáà bá ti fẹ́ dé ìdajì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa. Ibà ni gbogbo wọn ń pe ohun tó ń ṣe wọ́n. Orí ń fọ́, ojú ń ṣú, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, oorun tó yẹ kó wá lóru ò wá, ó di inú kíláàsì kó tó dé. A ó gba ẹ̀jẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ò ní rí kòkòrò ibà. Nọ́ọ̀sì á wá rọra béèrè pé, "Kọ́ọ̀sì wo lò ń ṣe?" Ọmọ á dákẹ́ díẹ̀.

"Sọ́ìlì Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fún mi, mà."

Wọ́n fún mi. A ti gbọ́ gbólóhùn yẹn débi pé a ti mọ ìtàn tó wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Mẹ́díṣìn ló kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Nínú 400, máàkì rẹ̀ ò dé ibi tí wọ́n gé e sí. Ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́ọ̀sì mìíràn lọ̀ ọ́, àwọn ará ilé ní kó gbà á, kó kọ́kọ́ wọlé ná. Ó wọlé. Ọkàn rẹ̀ ló ṣì wà níta.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń yọ yín lẹ́nu. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lágbárí, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ṣíwèé, tí wọ́n á kà á títí tí kò ní yé wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pè é ní brain fag, orúkọ náà ló sì bá wọ ìwé ìṣègùn. Lónìí, àwọn dókítà kì í sábà kà á sí àrùn lọ́tọ̀ mọ́. Àìsùn, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n máa ń wá lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí àwa náà ń wá nìyẹn.

Kọ́ọ̀sì ni, àbí àárẹ̀?

Àwọn méjèèjì jọ máa ń rìn ni, ó sì máa ń ṣòro láti yà wọ́n. Ẹni tó ṣe TDB, ìyẹn ìwé kíkà mọ́jú, fún òru mẹ́rin, tó jẹ́ pé gàrí àti omi tútù ló fi ń gbéra, kò sí kọ́ọ̀sì tí kò ní sú u, ìbáà jẹ́ èyí tó ti ń wù ú láti kékeré. Nítorí náà, ẹ má pinnu ohunkóhun lórí kọ́ọ̀sì láàárín ìdánwò tàbí lọ́jọ́ tí èsì bá jáde. Ẹ sun oorun gidi fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹun, kí ẹ tó tún bi ara yín.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń kà gan-an. Ní 100 level, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù yín kì í ṣe ti dìpátímẹ́ǹtì yín rárá: GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) ni, Fíṣíìsì, Kẹ́mísìrì, Máàsì. Ẹni tó ní òun kórìíra Sọ́ìlì Sáyẹ́ǹsì, bí a bá bi í pé èwo nínú rẹ̀, Máàsì ló máa ń dárúkọ. Kò tíì fojú kan iyẹ̀pẹ̀. Ẹ wá ọmọ 300 level kan nínú dìpátímẹ́ǹtì yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ wo nóòtì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé e lọ síbi práátíkà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sùn dáadáa, tí ara yín ò sì gbà á síbẹ̀, á jẹ́ pé kọ́ọ̀sì náà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀

Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì lẹ́yìn 100 level. Wọ́n á wo CGPA (ìpíndọ́gba máàkì yín), wọ́n á wo WAEC àti sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ẹ jókòó fún nínú UTME, ìdánwò JAMB, bóyá wọ́n bá ohun tí ibi tuntun ń béèrè mu. Dìpátímẹ́ǹtì tuntun ní láti gbà yín, JAMB náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè di wàhálà nígbà NYSC.

Ibi tó korò ni pé ẹni tó fẹ́ kúrò nínú kọ́ọ̀sì ló yẹ kó ṣe dáadáa níbẹ̀ jù. Ìbínú ni ọ̀pọ̀ fi ń ba ọ̀nà ara wọn jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: A jẹ́ 5, C jẹ́ 3. Ẹ gba A nínú kọ́ọ̀sì unit 3: márùn-ún lọ́nà mẹ́ta, 15. Ẹ gba C nínú òmíràn tó jẹ́ unit 3: ó di 9. Ìkẹta, GST unit 2, inú ń bí yín, ẹ ò lọ ṣe ìdánwò rẹ̀: òdo. 24 lẹ ní. Ẹ pín in sí unit 8, 3.00 ni. Ká ní ẹ lọ gba C lásán nínú GST yẹn, 30 ni ẹ̀ bá pín sí 8, ìyẹn 3.75. Níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè 3.50, GST tí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú ló tilẹ̀kùn mọ́ yín.

Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ owó pẹ̀lú. Òǹkọ̀wé Chinua Achebe gba sikọ́láṣíìpù wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn lọ́dún 1948 láti kọ́ Mẹ́díṣìn. Lẹ́yìn ọdún kan ó yà sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, sikọ́láṣíìpù náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tó fowó gbé e dúró. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi ìtàn náà gba ọmọ níyànjú. Ní tiwa, ẹ̀gbọ́n yẹn la máa ń béèrè: ta ni tiyín?

Ẹ̀yin òbí

Bàbá kan máa ń pe ọmọ rẹ̀ ní "Dókítà mi" lórí fóònù ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó jẹ́ pé Bọ́tánì lọmọ ń kà. Ìfẹ́ ni. Ọmọ náà ní bí fóònù bá ti ń dún, òun á da ojú rẹ̀ dé orí béèdì, òun á jẹ́ kó dún tán. Orúkọ tí ẹ fún un lọ́jọ́ kẹjọ ti tó o.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ má sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù. Ẹ wá ẹni tí Dádì máa ń gbọ́ tiẹ̀, àbúrò wọn tàbí ẹ̀gbọ́n yín àgbà, kó jókòó tì yín. Ẹ mú èsì yín dání àti ìwé tí ẹ kọ ohun tí ibi tuntun ń béèrè sí. Ẹni tó bá gbé ìwé kalẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n ní ó ń ṣàwàdà.

Ẹ má dúró de ọ̀la

Bí àìsùn, àìjẹun tàbí ìbànújẹ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ wá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń sọ pé ayé sú òun, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ẹ bi í gbangba bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un wá lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Àdúrà dára, ẹ lè máa gbà á bí ẹ ṣe ń bọ̀ lọ́nà.

Bí ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ló gbé yín wá, ẹ mú ìwé ìgbàwọlé JAMB, èsì WAEC àti èsì sáà tó kọjá dání. Ohun tí ẹ bá bá olùgbaninímọ̀ràn sọ kì í dé dìpátímẹ́ǹtì yín, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu la fi lè pe ẹlòmíràn sí i. Ẹ ò sì ní láti ṣàlàyé fún ẹni tó ń gba káàdì lójú fèrèsé. Ẹ kàn ní olùgbaninímọ̀ràn lẹ fẹ́ rí; tí èrò bá pọ̀ níwájú yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ẹ nà án sí i.