Ta ló ya sinimá tí à ń wò?

Ẹ̀yin ará Tchaourou, ẹ ti wo sinimá rí. Ṣé ẹ mọ ẹni tó yà á?

Nígbà ìjọba Faransé, òfin ọdún 1934 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya sinimá nílẹ̀ wa láìgbàṣẹ. Ilé iṣẹ́ Faransé méjì, COMACICO àti SECMA, ló ń pín fíìmù fún ilé sinimá. Ti òkèèrè ló pọ̀ jù.

Wọn ò gbà kí Paulin Vieyra, ọmọ Àjàṣẹ́, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàwòrán ní Áfíríkà. Ìlú Paris ni wọ́n ti ya tiwọn lọ́dún 1955.

Òmìnira dé ní 1960. Ní 1974, Pascal Abikanlou gbé fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ilẹ̀ Dàhọ̀mì jáde.

Bí ẹ bá ń wo sinimá, ẹ máa béèrè: ta ló yà á? Ìtàn ta ló ń sọ?