Fóònù Ń Pẹ́ Lọ́wọ́ Oníbàárà, Èrè Ń Tán Lọ́wọ́ Ilé-Iṣẹ́

Ní ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019, Tim Cook, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Apple, kọ̀wé sí àwọn olùdókòwò pé owó tó wọlé fún àwọn ní oṣù mẹ́ta tó parí ọdún 2018 kò tó iye tí àwọn ti kéde. Bílíọ̀nù 89 dọ́là, ó kéré tán, ni wọ́n ń retí. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 84 ni wọ́n bá lọ́wọ́. Ọjà tí kò yá ní Ṣáínà ló di púpọ̀ nínú ẹ̀bi náà rù, àmọ́ ó dárúkọ bátìrì mọ́ ọn.

Ní ìparí ọdún 2017 ni àṣírí tú pé Apple ń fi sọ́fítíwíà dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù. Ariwo sọ. Láti pẹ̀tù sí àwọn oníbàárà nínú, wọ́n já owó pípààrọ̀ bátìrì wálẹ̀ láti 79 dọ́là sí 29, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọdún 2018 fi parí. Ẹni tó ti ń múra àtira fóònù tuntun bá pààrọ̀ bátìrì, ó rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun tún ń sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, ló bá da owó rẹ̀ padà sápò.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta bá ilé-iṣẹ́. Nígbà kan, ọdọọdún ni fóònù tuntun ń gbé ohun tí ti àtijọ́ kò ní dé. Lónìí, ẹ gbé tèṣí àti tọdún yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àfi kí ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa kí ẹ tó mọ ìyàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù Android ló jìyà ẹ̀ jù. Ọ̀dọ̀ Google ni gbogbo wọn ti ń gba sọ́fítíwíà, ojú fóònù àti mẹ́mórì wọn sì sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan náà wá, nítorí náà ẹni tó bá tà á lówó pọ́ọ́kú ni oníbàárà ń wá lọ. Ní 2018, Lei Jun tó wà lára àwọn tó dá Xiaomi sílẹ̀ ṣèlérí pé èrè tó máa kù sí àwọn lọ́wọ́ lórí ohun èlò kò ní ju ìdá 5 nínú 100 lọ; ìpolówó àti iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbójú lé fún ìyókù. LG kò lè fara dà á ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tó ti pàdánù nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là láàárín ọdún bíi mẹ́fà, ó kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2021 pé òun ò ṣe fóònù mọ́.

Ní tèmi, kò sí aburú kankan nínú kí fóònù pẹ́. Owó wa ni a fi rà á. Ohun tó burú ni kí fóònù tó ṣì le koko di aláìwúlò nítorí pé ẹni tó ṣe é kò fi sọ́fítíwíà tuntun ránṣẹ́ sí i mọ́. Láti ogúnjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan pé fóònù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọ ọjà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí sọ́fítíwíà gbà fún ọdún 5, ó kéré tán, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ títà á, kí ẹ̀yà tí wọ́n máa fi tún un ṣe sì wà fún ọdún 7. Àǹfààní rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà.

Kí ẹ tó sanwó níbẹ̀, ẹ bèèrè ọdún tí sọ́fítíwíà rẹ̀ máa dópin. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Battery, kí ẹ wo Battery Health. Bí iye tó wà níbẹ̀ kò bá tó 80, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.