Ìtẹ̀ka Kì í Ṣe Kọ́kọ́rọ́

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ ààbò ìsọfúnni, àbá wa ni pé kí a pe fífi ìtẹ̀ka, ojú tàbí ohùn mọ ènìyàn ní *ìfi-ara-dánimọ̀*. Bí *kọ́kọ́rọ́ ara* tilẹ̀ rọrùn láti pè, a kò fara mọ́ ọn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, a lè pààrọ̀ àgádágodo. Bí olè bá mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà, a lè yan òmíràn. Ta ni yóò pààrọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀? Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti jí ìtẹ̀ka ènìyàn bíi mílíọ̀nù 5.6 nínú àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ̀ka kì í ṣe àṣírí: ara gbogbo ife tí a bá dì mú ni a ń fi í sílẹ̀ sí. Ẹni tí a jẹ́ ni ìtẹ̀ka ń sọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni àṣírí. Ó yẹ kí a lo méjèèjì pọ̀, kí èdè-ìperí wa má sì sọ wọ́n di ọ̀kan.