Ẹṣin tí kò jọ ẹṣin

Ẹ fún ọmọ kan ní Ajégúnlẹ̀ tiwa yìí, lójú ọ̀nà Ìkòròdú o, kì í ṣe ti Àpápá, ní bébà àti ọ̀dà, kẹ́ ẹ ní kó ya ẹṣin. Bí ẹsẹ̀ ẹṣin ọ̀hún bá gùn jù, tí ìrù rẹ̀ sì fẹ́ bí èéfín, àgbà tó ń kọjá á ní: "Ṣé ẹṣin lèyí àbí ewúrẹ́?" Ọmọ á fa bébà ya, ó parí. Báyìí la ṣe ń fẹnu pa ọwọ́ tó mọṣẹ́.

Xu Beihong, ará Ṣáínà tí wọ́n bí ní 1895, wà lára àwọn tó lórúkọ jù nídìí ẹṣin yíyà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ní 1919, ó lọ sí Paris láti kọ́ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ya egungun àti ẹran ara. Nígbà tó padà délé, kò ju búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ nù. Yíǹkì dúdú ló fi ń ya ẹṣin lórí bébà tó ń fa omi mu. Ìlà tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Nígbà tí Japan gbógun ti ilẹ̀ wọn, ó pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní Singapore, ó sì fowó ibẹ̀ ran àwọn tí ogun ṣe lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Zao Wou-Ki, tó lọ sí Paris ní 1948, tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tiẹ̀, kò sóhun tẹ́ ẹ lè tọ́ka sí mọ́, àfi àwọ̀ àti agbára ọwọ́.

Ṣé àjèjì nìyẹn sí wa? Rárá o. Òpó kan tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ wà ní Metropolitan Museum, New York. Jagunjagun ló wà lórí ẹṣin níbẹ̀. Ẹ wo ẹṣin náà, kékeré ni lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ṣé Ọlọ́wẹ̀ ò rí ẹṣin rí ni? Ó rí i. Àṣẹ ẹni tó gùn ún ló ń gbẹ́. Àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta ńkọ́? Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń fa ìlà sórí aṣọ. Èyí tó bá ṣì, ó ti ṣì nìyẹn.

Ní kóòtù, fọ́tò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ẹṣin kan kọjá níbì kan. Àwọn fọ́tò Ojúde Ọba 2024 tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Àmọ́ ìró pátákò, eruku tó ń lálá, ìgbéraga ẹni tó wà lórí gàárì, ọwọ́ ayàwòrán ló ń jẹ́rìí sí wọn.

Àwọn baba wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ta ló béèrè ìrù ẹṣin yẹn lọ́wọ́ wọn rí?

Ẹ̀yin òbí àti tíṣà, bí ọmọ bá ya ẹṣin tí kò jọ ẹṣin, ẹ bi í pé ibo ló ń sáré lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ra bébà mìíràn fún un.