Bí àwọn olùwádìí ṣe ń tọpa onígbáméjì ní Lẹ́kí àti Ajah

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó, kéde pé onígbáméjì ti wọ ìlú. Aláìsàn 60 ti dé ilé ìwòsàn nígbà náà, 5 sì ti kú. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà títí omi fi tán lára wọn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, iye òkú ti di 15. Etí-Ọ̀sà, níbi tí Ajah àti ọ̀pọ̀ ẹsiteeti Lẹ́kí wà, wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ló múlé tì í.

Nọ́ọ̀sì lè fa omi sí aláìsàn lára kó sì gbà á là, ṣùgbọ́n olùwádìí ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àrùn ti wá. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Bí ẹnì kan bá ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, òṣìṣẹ́ yìí á gbé ìwé àti bírò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Omi ibo lẹ mu lọ́jọ́ Sátidé? Ta lẹ jọ mu ún? Kí lẹ rà jẹ lójú títì?” Ó ní láti padà sẹ́yìn tó ọjọ́ márùn-ún, torí kòkòrò onígbáméjì lè fara pamọ́ síkùn fún wákàtí mélòó kan tàbí kó tó ọjọ́ márùn-ún kó tó hàn síta. Ta ló máa ń rántí ohun tó mu ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, pàápàá bí inú bá ń run ún? Sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Bí ìwé bá ti pọ̀, wọ́n á tò wọ́n jọ, wọ́n á wá ohun kan ṣoṣo tó pa gbogbo wọn pọ̀. Báyìí náà ni dókítà John Snow ṣe nígbà tí onígbáméjì jà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1854. Ó sàmì sí ilé àwọn olóògbé lórí àwòrán ilẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi Broad Street ni wọ́n yí ká. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ó tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Robert Koch tó fi kòkòrò onígbáméjì han ayé.

Ní Èkó, ohun tí ìfura bọ́ sórí rẹ̀ ni kúnú ayá inú ike, omi ọ̀fìọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀yà O1 ni kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ wá ohun mímu náà lọ, òfìfo ike ni wọ́n bá, kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí ike tí kò ní nọ́ńbà kò lè júwe ilé ẹni tó pò ó.

Ní tèmi, kò yẹ ká di gbogbo ẹ̀bi ru kúnú. Omi ni wọ́n fi pò ó. Àárín ọ̀sà àti òkun ni ilẹ̀ Lẹ́kí àti Ajah wà, yanrìn ni, omi kò sì jìnnà sísàlẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìjọba kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí náà onílé ń gbẹ́ kànga tàbí bóhòlù, ó sì tún ń gbẹ́ kòtò ìgbẹ́ sínú ọgbà kan náà. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ máa ń tẹ̀ lé ni kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30, ó kéré tán. Ẹ wá wo hááfù pùlọ́ọ̀tì oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60: láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, kò tó mítà 27. Kò sí bí èèyàn ṣe lè tò ó tí yóò fi bá ìlànà yẹn mu. Kòtò aládùúgbò tún wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Bí òjò oṣù Kẹfà bá dé, tí omi bo Ajah, ohun tó wà nínú kòtò á bá àgbàrá jáde.

Síse omi àti kúlórínì ń pa kòkòrò náà. Bí wọ́n bá tètè fún aláìsàn ní ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kì í tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó ń kú. Ẹni tó bá sì tètè dé ṣì lè sọ̀rọ̀, ó ṣì lè rántí ẹni tó ta ike náà fún un.